Òótọ́ àbí irọ́? Ẹni tó fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ la Sàhárà kọjá

Ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Èmùré ní Èkìtì, ọ̀kadà ti lé kẹ̀kẹ́ ológeere wọ yàrá ẹrù. Àwọn tí a ṣì ń rí lórí rẹ̀ ò ju ọmọ iléèwé àti àgbẹ̀ àgbàlagbà tí kò fẹ́ náwó epo. Síbẹ̀, ẹ dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ níwájú ìsọ̀ fọkanáísà pé ẹnì kan fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, kí ẹ wá wo bí gbogbo ènìyàn á ṣe di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọ̀kan á ní táyà á bú. Òmíràn á ní omi tútù ló máa pa á. Ẹlòmíràn á sì búra pé Ajálá ti ṣe é rí. Ó yẹ kí a tú àwọn ọ̀rọ̀ náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n ní Ajálá fi kẹ̀kẹ́ yí gbogbo ayé ká

Irọ́ ni, àmọ́ ó súnmọ́ òótọ́. Ọlábísí Ajálá gun kẹ̀kẹ́ lóòótọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 1952, nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà, ó gbéra ní Chicago, ó forí lé Los Angeles, ìrìn máìlì 2,280, tó tó kìlómítà 3,670. Aṣọ ilẹ̀ wa ló wọ̀ gùn ún, ó sì ń yà ní ìlú dé ìlú láti bá àwọn òyìnbó sọ̀rọ̀ nípa Áfíríkà. Ẹni tó bá sì gba orí ilẹ̀ wọ Los Angeles láti ìlà-oòrùn, kò sí bí kò ṣe ní kan ilẹ̀ gbígbẹ tí òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ sí.

Ti yíyí ayé ká ni kì í ṣe kẹ̀kẹ́. Alùpùpù Vespa ló gùn fún ìyẹn. Ọdún 1957 ló bẹ̀rẹ̀, ó sì lo ọdún mẹ́fà, ó dé orílẹ̀-èdè 87, kó tó kọ ìwé An African Abroad jáde ní 1963. Nígbà tí Ebenezer Obey kọ orin tó gbé orúkọ rẹ̀ dé gbogbo ilé, ìrìnàjò méjèèjì ti lọ́ mọ́ ara wọn lẹ́nu àwọn ènìyàn, Vespa sì ti di kẹ̀kẹ́.

Wọ́n ní aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ nínú oòrùn, ìpara-ẹni ni

Irọ́. Ẹni tó bọ́ra sílẹ̀ nínú aṣálẹ̀ ti fi awọ ara rẹ̀ ṣe ibora fún oòrùn. Ní ọdún 1980, àwọn onímọ̀ kan gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Wọ́n fẹ́ mọ ìdí tí àwọn Lárúbáwá darandaran fi ń wọ aṣọ dúdú nínú aṣálẹ̀. Wọ́n rí i pé ooru tó ń dé ara ẹni tó wọ aṣọ dúdú gbàgẹ̀rẹ̀ kò ju ti ẹni tó wọ funfun lọ. Aṣọ dúdú gba ooru sí i lóòótọ́, àmọ́ atẹ́gùn tó ń fẹ́ lábẹ́ rẹ̀ ti gbé ooru náà lọ kó tó kan ara.

Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ló kù. Agbádá àti ṣéènì kì í ṣe ọ̀rẹ́, a kò sì mọ bí Ajálá ṣe ń ká tirẹ̀ sókè. Ṣẹ́ẹ̀tì alápá gígùn tó fẹ̀ dáadáa, pẹ̀lú aṣọ tí a fi bo ọrùn, ni àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ nínú aṣálẹ̀ máa ń lò báyìí.

Wọ́n ní ọmọ Guinea kan gun kẹ̀kẹ́ la Sàhárà kọjá dé Íjíbítì

Òótọ́ ni pé ó gbéra, òótọ́ ni pé ó dé. Irọ́ ni pé kẹ̀kẹ́ ló gbé e débẹ̀ tán.

Mamadou Safayou Barry lórúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún 25 ni nígbà náà. Oṣù karùn-ún ọdún 2023 ló kúrò ní Guinea. Yunifásítì Al-Azhar ní Káírò ló ń fẹ́, kò sì rí owó bàálù. Ó gba Mali, Burkina Faso, Togo, Benin àti Niger kọjá dé Chad. Wọ́n tì í mọ́lé lẹ́ẹ̀mejì ní Burkina Faso, wọ́n tì í mọ́lé lẹ́ẹ̀kan ní Togo. Àsìkò tí ìjà àwọn agbésùmọ̀mí gbóná ni, àjèjì tó dá gun kẹ̀kẹ́ yọ láti ẹ̀yìn odi kì í ṣe ẹni tí sójà ń kí káàbọ̀. Nígbà tó fi máa dé Chad, ogun ti ń jà ní Sudan, tó jẹ́ ọ̀nà tó yẹ kó gbà. Ibẹ̀ làwọn aláàánú ti gbọ́ nípa rẹ̀, tí ẹnì kan nínú wọn sì san owó bàálù fún un. Ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án ló dé Íjíbítì. Al-Azhar fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́.

Ẹ wá tẹ́ máàpù sílẹ̀. Ilẹ̀ tó fi kẹ̀kẹ́ gbà, igbó, ọ̀dàn àti ilẹ̀ Sàhẹ́lì ló pọ̀ jù níbẹ̀, ìgbà òjò ló sì gba púpọ̀ nínú rẹ̀. Sàhárà gan-an, láàrin Chad àti Íjíbítì, òkè ló gbà fò ó. N kò sọ ọ́ láti bu iyì rẹ̀ kù. Ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ fún oṣù mẹ́rin láìní owó lápò, akọni ni. Mo ń sọ ọ́ nítorí ẹni tó fẹ́ tẹ̀lé ipasẹ̀ rẹ̀ tó rò pé oòrùn ni ọ̀tá. Oòrùn kò dá Barry dúró rárá. Oníbọn ló dá a dúró, ogun ló dí i lọ́nà, ènìyàn ẹlẹ́ran ara ló sì gbé e débi tó ń lọ.

Wọ́n ní ọmọ Áfíríkà ni wá, oòrùn ti mọ̀ wá

Ìdajì rẹ̀ lòótọ́. Ara máa ń kọ́ bí a ṣe ń fara da ooru, ṣùgbọ́n àwọ̀ kọ́ ló ń kọ́ ọ. Ẹnikẹ́ni tó bá fi nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá ṣiṣẹ́ nínú ooru, ì báà jẹ́ ọmọ Norway, ara rẹ̀ á yí padà: omi ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ sí i, òógùn á tètè jáde, iyọ̀ inú òógùn náà á sì dín kù. Bó bá tún wá fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ̀kọ́ náà á bọ́ lọ. Akọ̀wé báńkì tí a bí ní Ìkẹ́rẹ́, tó ń ti inú ọkọ̀ tútù bọ́ sí ọ́fíìsì tútù ní Adó, kò ní ohun tó fi ju òyìnbó lọ lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ gun kẹ̀kẹ́ jáde ní Agadez, nínú aṣálẹ̀ Niger.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ooru tiwa àti ooru aṣálẹ̀ kì í ṣe ọmọ ìyá. Nínú gbogbo agbára tí ara ń ná bí a bá ń wa pẹ́dà, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin péré ló ń dé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Ìyókù ń di ooru nínú ara, ó sì gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde. Tí afẹ́fẹ́ ìta bá ti gbóná ju awọ ara lọ, ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù: kí òógùn gbẹ lára. Òógùn tó kán sílẹ̀ kò tu ẹnikẹ́ni lára.

Ẹ gun kẹ̀kẹ́ gba ẹsẹ̀ òkè Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́ kọjá lọ́sàn-án oṣù kẹta, nígbà tí òjò ń ṣú tí kò tíì rọ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì á rin gbindin. Omi á máa kán láti àgbọ̀n sórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ooru ò sì ní lọ, nítorí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ti mu omi yó, kò ráyè gba òmíràn. Gbé ẹni yẹn kan náà lọ sínú aṣálẹ̀ tó gbóná tó 45°C. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ á gbẹ táútáú látàárọ̀ dalẹ́, á máa rò pé òun kò làágùn. Ìgbà tó bá bọ́ aṣọ lálẹ́ ni yóò rí àmì funfun tó fà gba ẹ̀yìn àti abẹ́ apá rẹ̀, ìlà lórí ìlà, tí aṣọ náà le gbagidi níbẹ̀. Iyọ̀ ni. Lítà omi kan, nígbà mìíràn méjì, lè jáde lára láàrin wákàtí kan kí olúwarẹ̀ má fura. Lójú tèmi, ìyẹn ni ewu aṣálẹ̀ fi ju tiwa lọ: ooru Ìkẹ́rẹ́ á pariwo sí ọ létí kó tó ṣe ọ́ léṣe, tọ̀hún kò ní sọ nǹkan kan.

Wọ́n ní bí omi bá ti pọ̀, kò séwu

Irọ́ yìí lè pa ènìyàn. Lítà òógùn kan lè kó iyọ̀ tó tó ìdajì ṣíbí tíì jáde. Ẹni tó bá sọ lítà mẹ́jọ nù, tó sì fi omi lásán dí gbogbo rẹ̀, ti pọn iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lómi. Orí á máa fọ́ ọ, èébì á máa gbé e, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ṣìbáṣìbo. Bó bá burú, ọpọlọ á wú, gìrì á mú un. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ó jọ òùngbẹ lójú ẹni tí kò mọ̀, àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀ á sì tún máa rọ omi sí i lẹ́nu.

Ohun tó lè dín ewu rẹ̀ kù kò ṣàjèjì sí ìyá kankan tó ti gbé ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru lọ sí ibùdó ìlera: ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, nínú omi lítà kan, kí ṣíbí má kún àkúnwọ́sílẹ̀. Ṣúgà ló ń ran iyọ̀ àti omi lọ́wọ́ láti gba inú ìfun kọjá. Mo sì máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá rí iye tí wọ́n ń ta ohun mímu àwọn eléré ìdárayá tó ti òkè òkun wá. Gàárì tí a fi omi rẹ, tí a fi ṣúgà, iyọ̀ díẹ̀ àti ẹ̀pà sí, omi ń bẹ nínú rẹ̀, oúnjẹ ń bẹ nínú rẹ̀, iyọ̀ ń bẹ nínú rẹ̀. Kò sí ohun tí inú ike olówó gọbọi yẹn ní tí kò sí nínú abọ́ gàárì, àfi àwọ̀ osàn.

Wàhálà tó wà nídìí omi aṣálẹ̀ ni ìwúwo. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ́hùn-ún lè mu lítà mẹ́wàá lóòjọ́, lítà kan sì jẹ́ kílò kan. Tí ibi tí omi wà bá jìnnà tó ìrìn ọjọ́ méjì, ogún kílò nìyẹn lórí kẹ̀kẹ́ kó tó kan àgọ́, oúnjẹ àti irinṣẹ́. Ìṣirò yìí ló ń pinnu ibi tí ènìyàn á sùn àti wákàtí tó máa gbéra, agbára itan kọ́.

Wọ́n ní kí a mu omi yó kí a tó gbéra, bíi ràkúnmí

Irọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀rá ni ràkúnmí kó sínú iké rẹ̀, omi kọ́. Ohun tó fi ju wá lọ ni pé ó lè pàdánù omi tó tó ìdá mẹ́rin ìwúwo ara rẹ̀ kó má kú, bó bá sì dé etí omi, á mu tó ọgọ́rùn-ún lítà láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Ní tiwa, tí omi tó tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo ara bá ti lọ, agbára ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Omi tí a sì mu ní àmujù láàárọ̀, kíndìnrín á tètè dá a padà sílẹ̀.

Wọ́n ní omi tútù lórí ara gbígbóná, ikú ni

Irọ́. Omi tútù ń fa ooru kúrò nínú ara ni, àwọn eléré ìdárayá a tilẹ̀ máa mu yìnyín lílọ̀ kí wọ́n tó sáré nínú ooru. Ẹ ṣáà má gbé gbogbo rẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan, kí inú má baà kó.

Wọ́n ní obì ń fún ẹsẹ̀ lágbára

Òótọ́ ni, ẹ jẹ́ kí a fún àwọn bàbá wa ní ẹ̀tọ́ wọn. Kaféènì tó wà nínú kọfí ló wà nínú obì. Ó ń jẹ́ kí ojú dá, ó sì ń mú kí iṣẹ́ dà bíi pé ó fúyẹ́. Agbára rẹ̀ hàn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aláṣẹ eré ìdárayá àgbáyé fi kà á mọ́ oògùn tí wọ́n fi ààlà sí lílò rẹ̀, títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2004 tí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Àmọ́ obì kì í rọ́pò omi, orógbó náà kì í rọ́pò rẹ̀. Itọ́ tó ń sun sẹ́nu bí a bá ń jẹ ẹ́, inú ara wa náà ló ti wá.

Wọ́n ní iyán ni kí ó jẹ kó tó gùn ún

Èkìtì ló ni iyán, n kò ní bá ẹnikẹ́ni jà. Tí iyán bá jẹ́ ti alẹ́, òótọ́ ni: ara á tọ́jú agbára rẹ̀ sínú iṣan títí di ọjọ́ kejì. Tó bá jẹ́ ti ọ̀sán gangan, ikùn á máa béèrè ẹ̀jẹ̀, itan á máa béèrè, awọ ara tó fẹ́ tú ooru dànù á máa béèrè pẹ̀lú. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni.

Wọ́n ní táyà á bú nínú ooru

Èyí ni àwọn fọkanáísà fẹ́ràn jù, torí náà ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò bá wọn sọ ọ́. Ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà nígbà tí ooru wà ní 25°C, kí ojú gééjì ka 50. Ẹ wá gbé e lọ sórí ọ̀dà tó gbóná débi pé afẹ́fẹ́ inú túùbù di 60°C. Gééjì náà kò ní tó 58. Táyà kẹ̀kẹ́ tó dára kò ní bú fún ìyẹn.

Ohun tí ooru ń ṣe wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ bọ́ túùbù àtijọ́ kan síta, ẹ wo ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ rí. Tí wọ́n bá fi kánjúkánjú lẹ̀ ẹ́, tí wọn kò ha ojú rẹ̀ dáadáa, tí wọn kò sì jẹ́ kí sọlúṣọ̀n gbẹ kí wọ́n tó tẹ pátì mọ́ ọn, etí pátì náà á ti máa ṣí díẹ̀díẹ̀, bí ẹ bá fi èékánná kàn án, á gbéra. Ooru ló ń rọ sọlúṣọ̀n bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, táyà tó jò nínú aṣálẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé nílé ni jíjò rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ìyókù jẹ́ ti ẹ̀gún igi, àti ti wáyà tín-ín-rín tó ń jáde lára táyà ọkọ̀ akẹ́rù tó ti fọ́ sójú títì, irú èyí tó wà ní ojú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Adó náà.

Tí ojú ọ̀nà bá wá di yanrìn, kí a dín afẹ́fẹ́ táyà kù kó lè tẹ́ sórí rẹ̀. Òótọ́ pọ́ńbélé nìyẹn, táyà fífẹ̀ ló sì yẹ ibẹ̀. Ní ti ṣéènì, ẹ má da epo rẹpẹtẹ sí i. Epo á di yanrìn mú, àpòpọ̀ méjèèjì á sì máa rin irin bíi fáìlì.

Wọ́n ní ẹsẹ̀ tó ti gun òkè Èkìtì, pẹ̀tẹ́lẹ̀ aṣálẹ̀ kò lè ṣe é ní nǹkan

Irọ́ tó dùn mọ́ wa ni. Òkè máa ń parí. Ẹni tó pọ́nkè fún ogún ìṣẹ́jú á sọ̀ kalẹ̀ lápá kejì, á sì sinmi ẹsẹ̀. Atẹ́gùn aṣálẹ̀ kì í parí, kò sí igi tàbí ilé tó máa dá a dúró. Bí ẹ bá ń sáré kìlómítà 15 láàrin wákàtí kan, tí atẹ́gùn tó ń sáré 25 ń bọ̀ níwájú yín, atẹ́gùn 40 ni àyà yín ń tì. Agbára tí ìyẹn ń béèrè kì í kan lọ sókè díẹ̀díẹ̀: bí eré atẹ́gùn tí à ń dojú kọ àti eré tiwa bá di ìlọ́po méjì, agbára á di ìlọ́po mẹ́jọ.

Ẹni tó bá sì ti ọ̀dọ̀ wa gbéra lọ sí àríwá, atẹ́gùn náà ló máa pàdé. Àríwá ìlà-oòrùn ló ti ń fẹ́ wá. Àwa náà mọ̀ ọ́n, ọyẹ́ là ń pè é nígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ wa. Eruku tó ń bo orí Olósùnta lóṣù kejìlá, tó ń la ètè, tó ń bà lórí tábìlì lẹ́yìn tí a ti nù ún, láti Sàhárà ló ti wá. Bodélé ní Chad, tó jẹ́ ìsàlẹ̀ adágún omi ńlá kan tó ti gbẹ, ni eruku tó pọ̀ jù lágbàáyé ti ń gbéra. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ gba etí òkun Atlantic fi ń ti Morocco bọ̀ wá sísàlẹ̀, kí atẹ́gùn lè máa tì wọ́n lẹ́yìn.

Wọ́n ní Kano ni aṣálẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, yanrìn ló sì kún un

Irọ́ lápá méjèèjì. Òjò tó ń rọ̀ ní Kano lọ́dún kan máa ń lé ní mílímítà 800, ilẹ̀ tí à ń pè ní aṣálẹ̀ kì í sábà rí ju 250 lọ. Ní ti yanrìn, nǹkan bí ìdá mẹ́rin Sàhárà ni òkìtì yanrìn tí à ń rí nínú fíìmù. Òkúta àti ilẹ̀ líle ni ìyókù, títì ọlọ́dà sì wà láwọn ibì kan nínú rẹ̀. Ọ̀nà Algiers sí Èkó, tó gùn tó kìlómítà 4,500, gba àárín Sàhárà kọjá.

Wọ́n ní ràkúnmí ló yẹ aṣálẹ̀, kẹ̀kẹ́ kò yẹ ẹ́

Kí ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn awakùsà Ọsirélíà. Láàrin ọdún 1890 sí 1900, nígbà tí wọ́n rí góòlù ní Coolgardie nínú aṣálẹ̀ ìwọ̀-oòrùn ibẹ̀, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi ń gbé lẹ́tà kiri, torí pé kẹ̀kẹ́ kì í mu omi, kì í jẹ koríko. Ní 1896, Arthur Richardson gùn ún láti Coolgardie la pẹ̀tẹ́lẹ̀ Nullarbor kọjá dé Adelaide. Ní 2011, Reza Pakravan tí wọ́n bí ní Iran fi ọjọ́ 13 gun kẹ̀kẹ́ ju kìlómítà 1,700 lọ nínú Sàhárà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ti Kazimierz Nowak kún un, kí ọ̀rọ̀ má baà fì sápá kan. Ọmọ Poland ni. Ní 1931 ló gbé kẹ̀kẹ́ kalẹ̀ ní Tripoli, ó lọ títí dé òpin Áfíríkà ní gúúsù, ó sì padà dé Algiers ní 1936, nǹkan bí kìlómítà 40,000 lápapọ̀. Ó gun kẹ̀kẹ́, ó fẹsẹ̀ rìn, ó gun ẹṣin, ó wa ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tó ń padà la Sàhárà kọjá, ràkúnmí ló gùn. Ó ti mọ ibi tí ohun kọ̀ọ̀kan wúlò sí.

Wọ́n ní kẹ̀kẹ́ kì í ṣe nǹkan tiwa

Ọ̀rọ̀ yìí ń bí mi nínú díẹ̀. Ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́, tó ti wà ní British Museum láti 1924, fi hàn bí òyìnbó kan tó ń jẹ́ Ambrose ṣe wọ̀lú wá bá Ògògà, ọba ìlú náà: àwọn ènìyàn ló gbé e lórí. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Ọ̀pin, tí kò jìnnà sí Èkìtì, Areogun ará Ọ̀sì gbẹ́ ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ sára ilẹ̀kùn tirẹ̀, láàrin àwọn jagunjagun àti babaláwo. Nígbà ayé wọn, kẹ̀kẹ́ ti wọ àárín wa débi tí ọnà gbẹ́nàgbẹ́nà fi rí ààyè fún un. Ní ti eré ìje, Biniam Girmay ọmọ Eritrea ló gba aṣọ aláwọ̀ ewé nínú Tour de France ọdún 2024. Burkina Faso sì ti ń ṣe Tour du Faso tiwọn láti 1987.

Wọ́n ní òtútù kì í mú ni níbẹ̀

Irọ́. Ní oṣù kejìlá àti oṣù kìn-ín-ní, ibi tó gbóná lọ́sàn-án lè súnmọ́ kí omi dì lóru. Ọ̀run tí kò ní ìkùukùu kì í di ooru mú.

Wọ́n ní kẹ̀kẹ́ lásán kò nílò ìwé

Kẹ̀kẹ́ kò nílò rẹ̀, ẹni tó gùn ún ló nílò rẹ̀. Ìwé ìrìnnà ECOWAS fún ọmọ Nàìjíríà láyè ọjọ́ 90 láìsí físà ní orílẹ̀-èdè tó bá wà nínú ẹgbẹ́ náà. Aṣálẹ̀ ni kò wọ inú ẹgbẹ́. Mauritania ti jáde láti ọdún 2000. Niger, Mali àti Burkina Faso jáde ní ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025. Morocco àti Algeria kò wọ ibẹ̀ rí. Ọ̀nà Agadez, tó tọ́ jù fún ẹni tó bá ti Èkìtì gbéra, n kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó gbà á nísinsìnyí, nítorí àwọn ajínigbé àti agbésùmọ̀mí.

Ọ̀nà tó kù ni èyí tí Kúnlé Adéyanjú gbà ní 2022, nígbà tó gun alùpùpù láti London dé Èkó láàrin ọjọ́ 41 láti fi polongo ìjà sí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Kí ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tàbí ọmọ Èmùré tó bá fẹ́ dán an wò di kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sínú páálí, kó wọ bàálù lọ sí Casablanca lẹ́yìn tó bá ti gba físà, kó sì máa gùn ún bọ̀ nílé láti oṣù kọkànlá. Atẹ́gùn á wà lẹ́yìn rẹ̀ la Sàhárà já títí dé Senegal. Láti ibẹ̀ dé ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, ooru tó ti mọ̀ látọmọdé ni. Bó bá wá kúrò ní Àkúrẹ́ tó dojú kọ òkè ilé, nígbà náà ló lè máa fi ẹsẹ̀ Èkìtì yangàn.